Kọ̀ǹpútà Kì í Gbọ́ Ààbọ̀ Ọ̀rọ̀

Ẹ káàsán o, gbogbo ẹ̀yin tí ẹ pa iṣẹ́ tì wá síbí. Wọ́n ní kí n sọ̀rọ̀ lórí iṣẹ́ ìwádìí mi, wọ́n sì kìlọ̀ fún mi pé kí ẹni tí kò kọ kóòdù rí náà lè bá mi dé òpin. N ó gbìyànjú. Ìbéèrè méjì ni mo ti ń bá fà á láti ìgbà tí mo ti wọ iṣẹ́ yìí. Èkíní: báwo la ṣe lè fi ìdí rẹ̀ múlẹ̀, kì í ṣe pé a kàn rò bẹ́ẹ̀, pé ètò kọ̀ǹpútà kan ń ṣe ohun tí a ní kó ṣe? Èkejì: bí a bá sọ ohun tí a fẹ́ fún ẹ̀rọ, ṣé ẹ̀rọ fúnra rẹ̀ lè kọ ètò náà fún wa? Àwọn kan a máa ya méjèèjì sọ́tọ̀. Lójú tèmi, ọmọ ìyá ni wọ́n, ìyá tó bí wọn gan-an ni mo sì fẹ́ ká jọ wò lónìí.

Àwọn àgbà ní ààbọ̀ ọ̀rọ̀ là ń sọ fún ọmọlúàbí. Bó bá dénú rẹ̀, á di odidi. Kọ̀ǹpútà kì í ṣe ọmọlúàbí. Mi ò bú u o. Mò ń sọ pé bí ẹ bá fún un ní ààbọ̀ ọ̀rọ̀, ààbọ̀ yẹn ni yóò ṣe. Yóò ṣe é láìyẹsẹ̀, láìbéèrè, ní àìmọye ìgbà láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan, títí dé ọjọ́ tí ààbọ̀ tí ẹ ò sọ yóò fi hàn.

Ọjọ́ tó hàn nígbà kan, ojú ọ̀run ló ti hàn. Ní ọjọ́ 4 oṣù Kẹfà ọdún 1996, àwọn ará Yúróòpù yin rọ́kẹ́ẹ̀tì tuntun kan tí wọ́n ń pè ní Ariane 5 láti Kourou, ní Guiana ti Faransé. Sátẹ́láìtì mẹ́rin ló gbé sínú. Kò tíì pé ìṣẹ́jú kan tó gbéra tó fi yà bàrà kúrò lójú ọ̀nà, tó sì fọ́ sí wẹ́wẹ́ lójú òfuurufú. Nígbà tí ìgbìmọ̀ olùwádìí tú ọ̀rọ̀ náà wò, kì í ṣe irin tó ṣẹ́ ni wọ́n bá nídìí rẹ̀, kì í ṣe epo tó jò. Nọ́ńbà kan ni. Ẹ̀rọ tó ń mọ ibi tí rọ́kẹ́ẹ̀tì dojú kọ ní nọ́ńbà kan lọ́wọ́ tó gba àyè bíìtì 64 (bíìtì ni àyè tó kéré jù tí kọ̀ǹpútà ń kọ nǹkan sí, òdo tàbí ení kan ṣoṣo ló ń gbà), ètò inú rẹ̀ sì fẹ́ fún nọ́ńbà náà pọ̀ sínú àyè bíìtì 16. Àyè yẹn kò lè gba ju 32,767 lọ. Nọ́ńbà náà jù bẹ́ẹ̀ lọ, ẹ̀rọ bá dá iṣẹ́ sílẹ̀. Ẹ ó ní, ṣé kò sí ẹ̀rọ kejì tó ń dúró dè é ni? Ó wà. Ètò kan náà ni wọ́n kọ sínú rẹ̀. Òun ló tilẹ̀ kọ́kọ́ kú.

Ohun tó ń dùn mí nínú ìtàn yìí ni pé ara Ariane 4 ni wọ́n ti mú ètò náà wá, ó sì ṣiṣẹ́ dáadáa níbẹ̀. Ariane 4 kì í sáré débi tí nọ́ńbà yẹn á fi tóbi tó bẹ́ẹ̀. Àwọn tó kọ ètò náà kì í ṣe òmùgọ̀. Wọ́n ti rò ó, wọ́n ti wọ̀n ọ́n, wọ́n sì pinnu pé kò lè kọjá ààlà. Òótọ́ ni wọ́n sọ, nípa rọ́kẹ́ẹ̀tì tiwọn. Àdéhùn kan wà láàárín ètò yẹn àti ohun tó gbé e: "Ìwọ má ṣe sáré ju báyìí lọ." Àdéhùn náà kò sí nínú kóòdù. Nígbà tí wọ́n gbé kóòdù kúrò nílé kìíní lọ sílé kejì, ààbọ̀ ọ̀rọ̀ ni wọ́n gbé. Pabanbarì rẹ̀ ni pé lẹ́yìn tí Ariane 5 bá ti kúrò nílẹ̀, iṣẹ́ tí apá ètò náà ń ṣe kò wúlò fún un mọ́ rárá.

Ẹnìkan á ní: ṣebí kí wọ́n dán an wò dáadáa ni? Ìdánwò dára. Mo máa ń fi ìyà jẹ akẹ́kọ̀ọ́ tí kò bá dán ètò rẹ̀ wò. Ṣùgbọ́n Edsger Dijkstra, onímọ̀ kọ̀ǹpútà ará Netherlands tí ahọ́n rẹ̀ mú bí abẹ, ti sọ ọ́ tipẹ́ pé ìdánwò lè fi hàn pé àṣìṣe wà, kò lè fi hàn láé pé kò sí. Ẹ wo ètò tó kéré jù lọ tí a lè ronú kàn: ó gba nọ́ńbà méjì tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn jẹ́ bíìtì 32, ó rò wọ́n pọ̀. Iye ọ̀nà tí a lè gbà fún un ní nọ́ńbà méjì jẹ́ 18,446,744,073,709,551,616. Bí ẹ bá ń dán bílíọ̀nù kan wò ní ìṣẹ́jú-àáyá kọ̀ọ̀kan, tí ẹ ò sùn, tí ẹ ò sinmi, yóò gbà yín ní nǹkan bí ọdún 584. Ìròpọ̀ lásán nìyẹn o. A ò tíì dé orí ètò tó ń darí ọkọ̀ òfuurufú.

Kí là ń ṣe dípò rẹ̀? À ń ṣe ẹ̀rí, bí àwọn onímọ̀ ìṣirò ṣe ń ṣe é. Wọn kì í wọn gbogbo igun mẹ́ta ayé kí wọ́n tó sọ pé òótọ́ kan wà tó kan gbogbo igun mẹ́ta. Mo fẹ́ fi àpẹẹrẹ kan ṣoṣo han yín, kí a sì jókòó tì í dáadáa, torí inú rẹ̀ ni gbogbo ọ̀rọ̀ mi wà.

Ẹ ní àtòjọ orúkọ tí a ti tò tẹ̀léra bí ábídí. Ẹ ń wá orúkọ kan níbẹ̀. Ẹ ò ní bẹ̀rẹ̀ láti òkè. Ẹ ó ṣí i sí àárín gbùngbùn. Bí orúkọ tí ẹ ń wá bá yẹ kó ṣáájú ti àárín, ẹ ó gbàgbé ìdajì ìsàlẹ̀. Bó bá yẹ kó tẹ̀ lé e, ẹ ó gbàgbé ìdajì òkè. Ẹ ó tún pín èyí tó kù sí méjì. Mílíọ̀nù kan orúkọ, bí ogún ìgbà péré ni ẹ ó pín in. Ọmọ ọlọ́dún mẹ́wàá lè lóye rẹ̀. Síbẹ̀, láti ọdún 1946 tí a ti kọ́kọ́ sọ̀rọ̀ nípa rẹ̀ ní gbangba, ó ju ọdún mẹ́wàá lọ kí ẹnikẹ́ni tó tẹ èyí tó pé fún gbogbo ìwọ̀n àtòjọ jáde. Orí ìkángun ni gbogbo wọn ti ń ṣubú: àtòjọ tó ṣófo, àtòjọ tí orúkọ kan ṣoṣo wà nínú rẹ̀, orúkọ tí kò sí níbẹ̀ rárá.

Báwo la ṣe ń ṣe ẹ̀rí fún un? Ẹ jẹ́ ká fi ìka kan sí òsì ibi tí a ṣì ń wò, ká fi ìkejì sí ọ̀tún. Gbólóhùn kan wà tí mo fẹ́ kí ẹ dì mú: bí ohun tí mò ń wá bá wà nínú àtòjọ yìí rárá, àárín ìka mi méjèèjì ló wà. Nígbà tí a bẹ̀rẹ̀, òótọ́ ni, torí gbogbo àtòjọ ló wà láàárín ìka méjèèjì. Nígbàkigbà tí a bá ju ìdajì nù, òótọ́ ṣì ni, torí ibi tí kò lè sí ni a jù nù. Àyè àárín ìka sì ń kéré sí i, kò lè máa kéré títí láé. Ọjọ́ tí kò bá sí àyè mọ́, tí a ò sì tíì rí orúkọ náà, gbólóhùn wa fúnra rẹ̀ ló máa sọ fún wa pé kò sí níbẹ̀. Ó parí. Ẹ ò yẹ àtòjọ kọ̀ọ̀kan wò. Gbólóhùn kan tí kì í yẹ̀ bí ètò ti ń yí po ló gbé gbogbo ẹ̀rí lọ́rùn. Òótọ́ àìyẹ̀ ni èmi máa ń pè é ní kíláàsì. Bí ẹ bá bi mí pé kí ni mò ń ṣe láti àárọ̀ dalẹ́, òótọ́ àìyẹ̀ ni mò ń wá kiri.

Kì í ṣe èmi ni mo dá a. Alan Turing, onímọ̀ ìṣirò ará Gẹ̀ẹ́sì, ti ka ìwé kékeré kan ní Cambridge ní ọdún 1949 lórí bí ènìyàn ṣe lè yẹ ètò ńlá wò nípa kíkọ gbólóhùn sí àárín rẹ̀. Wọ́n gbàgbé rẹ̀ fún ìgbà pípẹ́. Robert Floyd tún gbé irú rẹ̀ wá ní 1967, Tony Hoare sì fún un ní òfin tó mọ́ gaara ní 1969: kọ ohun tó gbọ́dọ̀ jẹ́ òótọ́ kí ètò tó bẹ̀rẹ̀, kọ ètò náà, kọ ohun tó gbọ́dọ̀ jẹ́ òótọ́ bó bá parí. Ti àkọ́kọ́ àti ti ìkẹyìn nínú mẹ́ta yìí ni a ń pè ní àdéhùn. Ó dà bí ti oníṣẹ́ ọwọ́ àti oníbàárà: bí ìwọ bá kó ohun èlò pé, èmi náà á gbé iṣẹ́ tó pé fún ọ. Bí ohun èlò kò bá pé, mi ò jẹ ọ́ ní nǹkan kan.

Ó yá, ẹ padà sórí àtòjọ wa. Báwo ni ẹ̀rọ ṣe ń mọ àárín? Ó ń ro ipò ìka òsì pọ̀ mọ́ ti ọ̀tún, á wá fi méjì pín in. Kò sẹ́ni tó ní kò tọ́. Bẹ́ẹ̀ ni Jon Bentley, onímọ̀ kọ̀ǹpútà, ṣe fi kọ́ni, tòun ti ẹ̀rí. Bẹ́ẹ̀ ni Joshua Bloch ṣe kọ ọ́ sínú àkójọ ètò tó bá Java wá, èdè kan tí a fi ń kọ ètò, tí gbogbo ayé ń lò. Ní ọdún 2006, Bloch fúnra rẹ̀ jáde, ó ní àṣìṣe wà níbẹ̀, ó sì ti wà níbẹ̀ fún bí ọdún mẹ́sàn-án. Nọ́ńbà odidi tó wọ́pọ̀ nínú Java kò lè ju 2,147,483,647 lọ. Bí àtòjọ bá ju bílíọ̀nù kan lọ, ìka òsì àti ìka ọ̀tún lè pọ̀ ju iye yẹn bí a bá rò wọ́n pọ̀, nọ́ńbà á sì yí dànù di òdì. Àárín á wá bọ́ sí ibi tí kò sí nínú ayé. Àtúnṣe rẹ̀ kò ju ìlà kan lọ: ẹ yọ òsì kúrò lára ọ̀tún, ẹ fi méjì pín ohun tó kù, ẹ wá rò ó mọ́ òsì.

Ẹ̀rí Bentley kò parọ́. Nọ́ńbà tí kò lópin ni ẹ̀rí náà ń sọ̀rọ̀ rẹ̀, nọ́ńbà tó lópin ni ẹ̀rọ ní. Ẹ rántí rọ́kẹ́ẹ̀tì. Ohun kan náà ni.

Ibí ni ẹ̀rọ ti wọ̀ ọ́. Ènìyàn máa ń gbàgbé irú nǹkan báyìí, torí náà a kọ́ ẹ̀rọ láti máa bá wa wá a. A ó kó ètò àti àdéhùn pọ̀, a ó sọ wọ́n di ìbéèrè kan ṣoṣo nínú èdè ọgbọ́n ìrònú: ǹjẹ́ ohun kan wà tí a lè fi sínú ètò yìí tí yóò fi ba àdéhùn jẹ́? A ó gbé ìbéèrè náà fún ètò mìíràn tó mọ̀ nípa irú àlọ́ bẹ́ẹ̀. Èyí tí mo ń lò jù ni Z3, tí Leonardo de Moura àti Nikolaj Bjørner ṣe ní Microsoft, tí wọ́n sì gbé ìròyìn rẹ̀ jáde ní 2008. Bó bá ní "ó wà", á na ọwọ́ sí i: nọ́ńbà yìí gan-an, òun ló ba ètò rẹ jẹ́. Bó bá ní "kò sí", ẹ̀rí wa dé. Kì í ka gbogbo 18 bílíọ̀nù bílíọ̀nù náà o. Bó bá ti já sí ojú ọ̀nà tó dí, á bi ara rẹ̀ pé kí ló dí i, á kọ ọ́ sílẹ̀ bí òfin tuntun, kò sì ní gba irú ọ̀nà bẹ́ẹ̀ mọ́ láé. Láti 1971 tí Stephen Cook ti fi hàn bí àlọ́ irú èyí ti le tó, kò tíì sí ẹni tó rí ọ̀nà kíákíá tó kan gbogbo wọn. Síbẹ̀, ọ̀pọ̀ èyí tó ti inú ètò gidi jáde ni wọ́n ń já lójú mi. Ó ń yà mí lẹ́nu títí dòní.

Kí ẹ má baà rò pé ẹ̀rọ lè ṣe gbogbo rẹ̀, Turing ti kìlọ̀ fún wa láti 1936: kò sí ètò kan tó lè wo gbogbo ètò yòókù kó sì sọ, láìṣì, pé èyí yóò parí, èyí kò ní parí láé. Nítorí náà gbogbo wa là ń dọ́gbọ́n. Àwọn kan ní kí ènìyàn fúnra rẹ̀ mú òótọ́ àìyẹ̀ wá. Àwọn kan gbà kí ẹ̀rọ máa ké "ewu!" nígbà mìíràn níbi tí kò séwu, bó bá ṣáà ti lè jẹ́ pé kò ní dákẹ́ níbi tí ewu wà. Ìyẹn ni ọ̀nà tí Patrick Cousot àti Radhia Cousot là ní 1977. Irinṣẹ́ tó ti ọ̀nà yẹn jáde, Astrée, wo ètò tó ń darí ọkọ̀ òfuurufú Airbus A340 ní 2003, ìlà kóòdù 132,000, ó sì fi hàn pé irú ìjàǹbá nọ́ńbà tó pa Ariane kò lè ṣẹlẹ̀ nínú rẹ̀.

Ọ̀nà tó gba làálàá jù ni kí ènìyàn jókòó kọ ẹ̀rí náà pẹ̀lú ẹ̀rọ, ìgbésẹ̀ kan tẹ̀lé òmíràn. Ní Ọsirélíà, Gerwin Klein àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe é fún seL4, ọkàn ẹ̀rọ kékeré kan, ìyẹn ètò ìpìlẹ̀ tó ń darí àwọn ètò yòókù, tí ìlà kóòdù rẹ̀ ní C, èdè mìíràn tí a fi ń kọ ètò, kò ju bí 8,700 lọ. Nígbà tí wọ́n parí ní 2009, ẹ̀rí náà fúnra rẹ̀ jẹ́ bí ìlà 200,000. Ohun tó wù mí jù nínú iṣẹ́ wọn ni ojú ìwé tí wọ́n ti ka ohun tí wọn ò fi ẹ̀rí gbè: a gbà pé ohun èlò ẹ̀rọ ṣe déédéé, a gbà pé ètò tó ń túmọ̀ kóòdù sí èdè ẹ̀rọ kò ṣìtumọ̀. Wọn ò fi ààbọ̀ ọ̀rọ̀ pamọ́.

Ẹ̀rù ìṣìtumọ̀ yẹn kì í ṣe eré. Ní 2011, àwọn olùwádìí ní Yunifásítì Utah da kóòdù rẹpẹtẹ tí ẹ̀rọ kàn hun láìnídìí sórí àwọn ètò tó ń túmọ̀ èdè C. Gbogbo èyí tí wọ́n dánwò ni wọ́n bá àṣìṣe nínú rẹ̀. Àṣìṣe tí wọ́n fi tó àwọn tó ni àwọn ètò náà létí ju 325 lọ. CompCert, ètò atúmọ̀ èdè C tí Xavier Leroy ṣe ní Faransé pẹ̀lú ẹ̀rí, wà lára àwọn tí wọ́n dánwò. Wọ́n rí àṣìṣe nínú òun náà, ṣùgbọ́n ní ẹ̀gbẹ̀ẹ́gbẹ́ tí ẹ̀rí kò dé ni. Ní àárín rẹ̀ tí ẹ̀rí bo, wọn ò rí ẹyọ kan.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ìtàn akẹ́kọ̀ọ́ mi kan. Mo ní kí kíláàsì kọ ètò tó ń to nọ́ńbà láti kékeré dé ńlá, kí wọ́n sì fi ẹ̀rọ ṣe ẹ̀rí rẹ̀. Èmi fúnra mi ni mo kọ àdéhùn: bí ètò bá parí, nọ́ńbà kọ̀ọ̀kan kò gbọdọ̀ kéré ju èyí tó ṣáájú rẹ̀. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan fi ètò onílà mẹ́ta ránṣẹ́. Ẹ̀rọ ní ó tọ́, láìsí àníàní. Mo ṣí i: ó ń pa gbogbo nọ́ńbà inú àtòjọ rẹ́, ó ń fi òdo dípò wọn. Òdo, òdo, òdo. Kò sí èyí tó kéré ju èyí tó ṣáájú rẹ̀. Mo kọ́kọ́ bínú, mo wá rẹ́rìn-ín, mo sì fún un ní gbogbo máàkì, torí èmi ni mo gbàgbé láti sọ pé nọ́ńbà tó wọlé ni kó jáde. Ó ṣe ohun tí mo ní kó ṣe.

Ìyẹn ló gbé wa dé ìbéèrè kejì. Bí àdéhùn bá ti wà lọ́wọ́, tí ẹ̀rọ sì lè mọ ètò tó mú un ṣẹ yàtọ̀ sí èyí tó bà á jẹ́, kí ló dé tí ènìyàn ṣì ń kọ ètò? Alonzo Church ti bi irú ìbéèrè yìí ní 1957 nípa sákíìtì iná. Zohar Manna àti Richard Waldinger mú un gba ọ̀nà ẹ̀rí ní 1980: fi ẹ̀rí hàn pé èsì wà fún gbogbo ìbéèrè, ètò á sì jáde láti inú ẹ̀rí náà. Ó lẹ́wà púpọ̀. Ó sì le bí ojú ẹja.

Ọ̀nà tó mú kó rọrùn, ìjiyàn ni. Armando Solar-Lezama ló gbé e jáde láàárín 2006 sí 2008, nígbà tó ń ṣiṣẹ́ oyè ọ̀mọ̀wé ní Berkeley. Ẹ fojú inú wo ẹni méjì. Ọ̀kan ni Adábàá, iṣẹ́ tirẹ̀ ni kó dá ètò lábàá. Ìkejì ni Alátakò, iṣẹ́ tirẹ̀ ni kó wá ohun tó máa bà á jẹ́. Àdéhùn wà lórí tábìlì: ètò á gba nọ́ńbà méjì, x àti y, èsì kò gbọdọ̀ kéré ju x, kò gbọdọ̀ kéré ju y, ó sì gbọ́dọ̀ jẹ́ ọ̀kan nínú wọn.

Adábàá ní: "Máa dá x padà ṣáá." Alátakò ní: "Bí x bá jẹ́ 0, tí y jẹ́ 1 ńkọ́?" Adábàá ní: "Ó dáa, máa dá y padà." Alátakò ní: "x jẹ́ 1, y jẹ́ 0." Adábàá wò ó síwá sẹ́yìn. Dídá x nìkan padà tàbí y nìkan padà kò lè la àpẹẹrẹ méjèèjì já, ó bá ní: "Bí x kò bá kéré ju y, dá x padà, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, dá y padà." Alátakò wá títí, kò rí nǹkan kan. Ó dákẹ́. Ìdákẹ́jẹ́ rẹ̀ ni ẹ̀rí. Kò sẹ́ni tó kọ ètò yìí, àpẹẹrẹ méjì péré ló sì gbà. Ẹ ò rí i pé Alátakò yìí ni gbogbo ohun tí mo ti ń sọ láti àárọ̀? Ẹni tó lè yẹ ètò wò, ó ti ní ìdajì ẹni tó lè hun ún lọ́wọ́. Ìdí nìyẹn tí mo fi ní ọmọ ìyá ni wọ́n.

Ẹ yọ gbólóhùn kan kúrò nínú àdéhùn yẹn, èyí tó ní èsì gbọ́dọ̀ jẹ́ ọ̀kan nínú méjèèjì. Kí ni ẹ rò pé Adábàá máa mú wá? "Máa dá 2,147,483,647 padà." Nígbà gbogbo. Kò tilẹ̀ wo x, kò wo y. Kò sí nọ́ńbà tó lè ju ìyẹn lọ nínú ẹ̀rọ náà, nítorí náà èsì kò kéré ju ẹnikẹ́ni. Alátakò á wá títí, á dákẹ́. Nígbà tí ènìyàn bá ń kọ ètò, ó ń fi òye ara rẹ̀ dí ihò inú àdéhùn láìmọ̀. Adábàá kò ní irú ojú àánú bẹ́ẹ̀. Ọ̀nà tó kúrú jù ló ń bá lọ, inú ihò yẹn ló sì máa ń já sí.

Àdéhùn kíkọ wá le fún ọ̀pọ̀ ènìyàn, kí a má tan ara wa. Sumit Gulwani ní Microsoft gba ẹ̀yìn yọ: ó ní ẹ má kọ àdéhùn, ẹ fi àpẹẹrẹ hàn mí. Iṣẹ́ rẹ̀ wà nínú Excel láti ẹ̀dà 2013. Ẹ kọ orúkọ bàbá ẹnìkan jáde láti inú orúkọ kíkún, ní ìlà kan tàbí méjì, Excel á fi ìyókù kún un. Àìmọye ènìyàn tí kò gbọ́ ọ̀rọ̀ ìhun ètò rí ló ń lò ó. Àpẹẹrẹ náà ààbọ̀ ọ̀rọ̀ ni, ẹ ò ṣàìmọ̀. Irinṣẹ́ náà ń méfò ìyókù. Bí orúkọ kan bá ní apá mẹ́ta dípò méjì, ó lè ṣì í mú.

A sì ti dé orí ohun tí gbogbo yín ń retí: àwọn ẹ̀rọ olóye tí a fi òkìtì kóòdù àti ọ̀rọ̀ ènìyàn kọ́, tí ẹ ó sọ gbólóhùn kan fún, tí wọ́n á da ojú ìwé mẹ́ta kóòdù sílẹ̀ kí ẹ tó mí. Wọ́n ń bi mí bóyá iṣẹ́ mi ti parí. Ká sòótọ́, ọwọ́ mi kò tíì dí tó báyìí rí. Kọ̀ǹpútà àtijọ́ kì í gbọ́ ààbọ̀ ọ̀rọ̀, ẹ sì mọ̀ pé kì í gbọ́ ọ. Èyí ń ṣe bí ẹni pé ó gbọ́. Ó ń dí ààbọ̀ tó kù fúnra rẹ̀, lọ́pọ̀ ìgbà ó sì ń dí i dáadáa, ṣùgbọ́n kì í sọ ohun tó fi dí i fún yín. Kóòdù rẹ̀ dán, ó ní àlàyé, ó jọ ti ẹni tó mọṣẹ́. Àṣìṣe tó bá wà nínú kóòdù tó dọ̀tí, ojú tètè ń rí i.

Ohun tí èmi àti àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi ń lépa báyìí ni kí a fà á jáde. Ẹ sọ pé: "Mú orúkọ tó wọlé lẹ́ẹ̀mejì kúrò nínú àtòjọ yìí." A ní kí ẹ̀rọ olóye kọ ètò márùn-ún, mẹ́fà. Gbogbo wọn jọ ara wọn. A wá kó wọn fún Alátakò wa, a ní kó wá àtòjọ tí ètò méjì nínú wọn kò ní fohùn ṣọ̀kan lórí rẹ̀. Láìpẹ́ á padà wá: ọ̀kan ń fi ti àkọ́kọ́ sílẹ̀, ìkejì ń fi ti ìkẹyìn sílẹ̀. Ọ̀kan ka orúkọ tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú lẹ́tà ńlá àti èyí tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú lẹ́tà kékeré sí ẹnìkan náà, ìkejì ní ẹni méjì ni wọ́n. A ó gbé àtòjọ kékeré yẹn síwájú ẹni tó ni iṣẹ́: "Bó bá rí báyìí, èwo lẹ fẹ́?" Ìdáhùn rẹ̀ á di gbólóhùn kan nínú àdéhùn. Kì í ṣe àwa la kọ́kọ́ lo irú ìbéèrè tó ń ya ètò sọ́tọ̀ báyìí. Susmit Jha àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ti ń lò ó ní 2010. Ohun tó jẹ́ tuntun ni pé Adábàá wa ti di ẹlẹ́nu dídùn.

Mo dákẹ́ síbẹ̀, mo sì ní kí wọ́n béèrè ìbéèrè. Ọ̀dọ́bìnrin kan dìde: "Ẹ ṣeun, sà. Ẹ̀rọ tó ń yẹ ètò wò, ta ló yẹ òun wò?" Ìbéèrè rere ni. Mo ní a máa ń ya wíwá ẹ̀rí sọ́tọ̀ kúrò lára yíyẹ ẹ̀rí wò. Ètò tó ń wá ẹ̀rí lè tóbi bí òkè, kó kún fún àṣìṣe. Ohun tó bá mú wá, ètò kékeré kan ló máa kà á, ìgbésẹ̀ kan tẹ̀lé òmíràn, kékeré débi tí ènìyàn lè jókòó ka òun náà tán. Nicolaas de Bruijn ti ń ṣe bẹ́ẹ̀ láti ìparí àwọn ọdún 1960. Ó bi mí bóyá a kò ní yẹ kékeré yẹn náà wò. Mo ní àwọn kan ń ṣe é, ó sì kọ orúkọ wọn sílẹ̀.

Bàbá kan tó jókòó níwájú ló béèrè kẹ́yìn. "Ọ̀jọ̀gbọ́n, orúkọ tó wọlé lẹ́ẹ̀mejì yẹn, èwo ló yẹ ká fi sílẹ̀? Ti àkọ́kọ́ ni àbí ti ìkẹyìn?"

Mo ní: "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, kí ni ẹ fẹ́ fi àtòjọ náà ṣe?"

Ó ní àtòjọ àwọn tó ti san owó ẹgbẹ́ ni.

Mo ní: "Ẹni tí orúkọ rẹ̀ wọlé lẹ́ẹ̀mejì yìí, ṣé ẹ̀ẹ̀mejì ló sanwó ni, àbí akọ̀wé ló kọ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì?"

Bàbá wo òkè àjà. Ó yíjú sí ẹni tó jókòó tì í, tó jẹ́ pé òun náà wà nínú ẹgbẹ́ ọ̀hún, àwọn méjèèjì bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ọ́ láàárín ara wọn. Wọ́n ti ń pa iná gbọ̀ngàn nígbà tí a ṣì wà lórí owó ẹlẹ́ẹ̀kejì.